Orúkọ Ta Ló Wà Lára Máàpù Ọmọ Mi?

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, Màmá, mo ti ń jókòó láti Sátidé, ìjókòó ọ̀hún gan-an ló ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ọmọ tí ẹ̀yin fi ọmú bọ́, tíṣà tí gbogbo ẹbí ń fi yangàn, gba iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọdún méje, ó kọ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn sí i, ó gbé e kọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ayé wá wò ó, nígbà tí ọmọ tó ni nǹkan sì sọ pé tòun ni, ó pè é ní òpùrọ́ lójú èrò. Ó rí mi lára. Mo ń pè é ní “ó” lónìí, ẹ má bínú. Ahọ́n mi ti kọ̀ láti pè é ní “wọ́n.”

Kí lẹ sọ? Pé ó lè jẹ́ àṣìṣe? Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ bí àṣìṣe ọ̀hún ṣe rìn.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí èmi àti ọmọ yín pinnu pé a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa nílé? Kíláàsì tí wọ́n fi èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn sí, ọgọ́rin ọmọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń kígbe tẹ̀lé pátákó bí ayékòótọ́, bó bá délé tí mo bi í pé kí lo kọ́, á ní òun ò mọ̀. A mú un kúrò. Ta ló kọ́kọ́ bú wa? Tíṣà ni. Níwájú yín níbí ló ti ní ọ̀lẹ ni mí, pé eré lásán ni mò ń pè ní ẹ̀kọ́, pé àwọn ọmọ mi á dàgbà tán, wọn ò ní lè kọ orúkọ ara wọn. Mo ń bá tèmi lọ. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn ọmọ fi igi díwọ̀n bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò ṣe ń wú, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó fún ẹ̀gbọ́n ní rúlà, ó ní kí àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́rin, máa ka ìṣó fún òun. Ojú fèrèsé ilé ìdáná mi yìí, ẹ̀wà ń hù níbẹ̀ nínú òwú tútù, ẹ̀yin náà ti bu omi sí i rí. Ọsàn tí mo bá gé, wọ́n á ti pè é ní ìdajì, ní ìdámẹ́rin, kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n yìí, tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Kínìdí torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè, ló béèrè kí ni ìdí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi jìn ju afárá lọ. Mo ní ká lọ wọ̀n ọ́n. A mú okùn, a ta kókó sí i ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi rin àdúgbò yìí já, àbúrò á di orí okùn mú, ẹ̀gbọ́n á máa ka kókó, èmi á máa wo ọkọ̀ fún wọn. Kínìdí lẹ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ mẹ́rin pọ̀, ó ya gbogbo rẹ̀ sí i: afárá, ṣọ́ọ̀bù aṣebàtà, ilé ìfọṣọ, títí kan ajá tó máa ń sùn síwájú ilé olóògùn. Ọjọ́ tó ń kùn ún lọ́wọ́ ni àbúrò ti ẹsẹ̀ bọ inú ọ̀dà búlúù, ó sì tẹ igun ìwé náà mọ́lẹ̀. Mo ti ń retí ẹkún. Kínìdí wò ó títí, ó ní òun ò ní nù ún, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, ó kọ “adágún” sí i. Adágún wo ló wà ládùúgbò yìí? Ẹ ti rí ọ̀kan rí?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tíṣà wá kí wa. Ó rí máàpù náà lára ògiri wa, ó dúró, ó pẹ́ níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ di oyin. Ó ní kí Kínìdí yá òun, kí òun fi han ọ̀gá òun, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ọmọ àbúrò òun kò jókòó lásán. Inú mi dùn, ìyẹn ló ń dùn mí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ká a, ló fi òwú dì í, ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹni tó ní ọbẹ̀ mi ò dùn, ìkòkò ló wá gbé lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn wá pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo ní ká lọ, mo ní ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn, kí wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà wọ́n dé ibẹ̀. Èrò kún yàrá. A dé ògiri iwájú, máàpù ọmọ mi rèé nínú férémù, rìbọ́nnì pupa lórí rẹ̀, ipò kìíní. Nísàlẹ̀, orúkọ ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí, lẹ́yìn náà orúkọ tíṣà tó kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Kínìdí ò bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn nàka, ó ní, “Àǹtí, wọ́n ṣi orúkọ kọ síbí. Ẹsẹ̀ àbúrò mi rèé.”

Àwọn èèyàn yíjú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yíjú. Tíṣà rẹ́rìn-ín, Màmá, ẹ̀rín kan tó dà bí ẹni da omi àwo tí wọ́n fọ̀ síni lára, ó gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, ó ní, “Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ yìí máa ń purọ́. Kò lọ ilé ẹ̀kọ́, kò rí ẹni kọ́ ọ.” Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ń fi ọmọ ọdún méje ṣe ẹlẹ́yà. Òtítọ́ dé ibẹ̀, ó kùtà.

Ẹ sì mọ ohun tí ọmọ ṣe? Ó gbójú sókè wò mí. Ẹnu mi ló ń dúró dè. Èmi tí mo rin gbogbo ìrìn yẹn pẹ̀lú rẹ̀, kí ni mo ṣe? Mo ro ti ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo ro ti èrò, mo ro ti ẹ̀yin gan-an, mo ní, “Kínìdí, jẹ́ ká máa lọ.” Ohun tí ẹnu mi gbé jáde nìyẹn. Ìwà Tíṣà kó mi nírìíra, ṣùgbọ́n tèmi ń rùn sí mi nímú jù ú lọ.

Rárá, ẹ má tù mí nínú, mi ò fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

A délé. Ìgbà tó ń bọ́ bàtà ló ní, “Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni mo purọ́?” Ọmọ tó mọ iye kókó tó wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé afárá. Láti ọjọ́ mẹ́rin, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo gbé ọsàn síwájú rẹ̀ lánàá, ó ní kí n ṣáà gé e bó bá ṣe wù mí. Ó ti já gbogbo àwòrán rẹ̀ tó kù kúrò lára ògiri, ó ní kí n kó wọn síbi tí àlejò ò ti ní rí wọn. Bàbá wọn wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà, ó ní kí n ṣe sùúrù dìgbà tí òun bá dé. Ṣebí sùúrù náà ni mo ṣe ní Sátidé.

Kíréyọ̀nù tuntun lẹ mú bọ̀ yẹn? Tíṣà ló rán yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún un. Ó ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Àwa tá a ti dàgbà, èwo la gbàgbé nínú ohun tí wọ́n fojú wa rí lọ́mọ ọdún méje? Ẹ̀yin, Màmá, ẹ ti gbàgbé tiyín? Ẹ wò ó, ojú yín ti dá mi lóhùn.

Mi ò fẹ́ rìbọ́nnì. Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ló mọ̀? Ohun tí mo fẹ́ ni pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níwájú ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, kí Tíṣà mú bírò, kí ó fagi lé orúkọ yẹn, kí ó kọ ti ọmọ mi, kí ó wo ojú ọmọ náà, kí ó ní, “Ìwọ lo yà á, èmi ni mo purọ́.” Bí kò bá ṣe é, a ó gbé okùn wa lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, a ó ní kí ó bá wa rin àdúgbò yìí, kí ó ka kókó, kí ó wá fi adágún hàn wá.

Ẹ ní àgbà kì í bẹ ọmọdé? Màmá, láàárọ̀ òní, lórí ilẹ̀ ilé ìdáná tí a dúró sí yìí, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí. Mo ní òótọ́ ló sọ, èmi ni mo dákẹ́, kó má bínú. Ó kàn fọwọ́ kan irun mi. Orúnkún mi ò sì ṣẹ́.

Èmi ti kúnlẹ̀ tèmi. Ó ku ti ọmọ yín.