Ohun Tí Ọwọ́ Mi Ń Ṣe Lẹ́bàá Orúnkún Mama

Ẹ̀rí kan wà tí ọkọ mi máa ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ikosi lọ́dọọdún. Irọ́ ni ẹ̀rí náà, èmi ni mo sì pa irọ́ ọ̀hún fún un láìlanu. Ó tún fẹ́ jẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Kó tó dìde, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ òtítọ́ lọ́dọ̀ èmi Adédiwúrà, ìyàwó rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́yàn mi ti wọ eegun, àwọn dókítà kò sì tún tàn mí mọ́. Ẹ má ṣàánú mi bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹni tó yẹ kí ẹ ṣàánú wà nínú ilẹ̀ ní Ìlaròó, kò sí orúkọ lórí sàréè rẹ̀, àjẹ́ sì ni ẹ ń pè é.

Akínkúnmi ọkọ mi ní mọ́tò àtijọ́ kan tí a rà nígbà tí mo bí Dàmọ́lá, ọmọ wa. Kò gbà kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Bó bá ti di Sátidé, á wọ ṣòkòtò tó ti gbó, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ọgbà wa, á gbé fóònù lé orí bátìrì, á máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń tún tiwọn ṣe. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń gbà, ó sì fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ará ilé: "Ohun tí mo bá ti yẹ̀ wò tí kò ní àléébù, mo ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Èyí tó bá kù gbẹ̀yìn ló jẹ̀bi." Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní, "Mummy Dàmọ́lá, jọ̀ọ́, lọ wo ọbẹ̀ ẹ lórí iná. Mọ́tò kì í ṣe kíṣìn." Ó gbàgbé pé ọmọ riwáyà ni mí. Iṣẹ́ wáyà àti iná ọkọ̀ ni bàbá mi ṣe ní Kétu títí wọ́n fi kú, èmi ni mo sì máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn bí wọ́n bá wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo mọ inú mọ́tò yẹn ju ọkọ mi lọ. Mo kàn ń lọ wo ọbẹ̀ mi ni.

Ìgbà tó yá ni Mama, ìyá Akin, dé láti Ìlaròó. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, ojú wọn sì ti ń ṣú, Akin wá ní kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ wa kí òun lè máa gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Mende. Mo ti wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá yìí ṣẹ̀ mí títí, n kò rí i. Wọn kò dá sí ìkòkò mi, wọn kò bú mi rí, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí tàárọ̀ tọ̀sán. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n jókòó síwájú mọ́tò. Nítorí orúnkún wọn, Akin ní kí n bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú Dàmọ́lá. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹgbẹ́ mi rí mi tí mò ń bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Inú bí mi débi pé n kò gbọ́ ìwàásù. Ẹ wo bí ohun tó sọ mí di apànìyàn ṣe kéré tó.

Nínú mọ́tò yẹn, rílè tó ń jẹ́ kí póńpù gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí orúnkún ẹni tó bá jókòó síwájú máa ń wà. Ohun dúdú kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Bí èèyàn bá fà á yọ, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí lásán, kò ní sítáàtì. Bí èèyàn bá tì í bọ ibẹ̀ padà, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ni. Mama kò lè dá gbé ẹsẹ̀ wọn wọ mọ́tò, èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bá wọn gbé e. Bí mo bá ń gbé e wọlé, mo ń fa rílè yọ. Bí mo bá ń gbé e jáde, mo ń tì í padà. Àwọn ará ilé á dúró máa wò mí, wọ́n á ní, "Mummy Dàmọ́lá, ọmọ yín náà á fẹ́ ìyàwó tó máa tọ́jú yín báyìí o." Èmi náà á ṣe àmín.

Akin yẹ gbogbo nǹkan wò. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tú táńkì sílẹ̀ kó lè rí póńpù. Ṣùgbọ́n bí Mama bá ti bọ́ sílẹ̀, tí òun sì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dé, mọ́tò á sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo máa ń gbé omi tútù lọ bá a nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá rọra bi í pé, "Daddy Dàmọ́lá, kí ló kù tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò?" Ó dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń bi í. Nígbà tí mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tó, mo lọ bá Sister Damaris, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wa. N kò tilẹ̀ parọ́ fún un. Mo kàn ní, "Ẹ bá wa gbàdúrà, Ma. Mọ́tò wa kì í sítáàtì bí Mama bá ti wà nínú ẹ̀." Damaris mi orí. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá Akin nínú ọgbà, ó ní, "Brother Akin, gbogbo irin inú mọ́tò yìí lẹ ti wò. Ẹni tó ń jókòó sínú ẹ̀ ńkọ́?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló dán an wò lójú gbogbo ará ọgbà. Ó dá jókòó sínú mọ́tò, ó sítáàtì. Ó fi mí síwájú, ó sítáàtì. Ó fi Dàmọ́lá síwájú, ó sítáàtì. Ó wá ní, "Mama, ẹ bọ́ sínú ẹ̀." Mo gbé ẹsẹ̀ wọn, mọ́tò kọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ wọn, mọ́tò gbà. Ó ní kí wọ́n tún wọlé. Mama ń wọlé, wọ́n ń jáde, títí orúnkún wọn fi ń gbọ̀n tí òógùn sì bò wọ́n lójú. Mummy Ràhmát, aládùúgbò wa tó ń ta tòmátò ní Mile 12, nìkan ló lanu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ náà, arúgbó nìyí o, abeg!" Akin ní, "Mama, kí lẹ fẹ́ fi mọ́tò mi ṣe? Kí ni mo fi ṣe yín?" Mama di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Àkànní ọmọ mi, èmi? Bi ìyàwó ẹ wò. Ó máa ń fọwọ́ kan nǹkan lẹ́bàá orúnkún mi. Mo rò pé ó ń bá ẹ tún un ṣe ni." Wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn mí, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo káwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún: "Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ wọn, èmi náà ni wọ́n tún fẹ́ di ẹ̀bi rù!" Lọ́jọ́ yẹn ni Akin kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó sì kìlọ̀ fún Dàmọ́lá pé kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn mọ́. Mo gba iwájú mọ́tò mi padà.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá n kò ní sọ̀rọ̀ títí tí mo fi máa kú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Mummy Ràhmát kígbe pè wá pé Mama ò lè mí dáadáa. Akin gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ Damaris. Ìyá rẹ̀ ni. Ó gbé wọn mọ́ àyà, ó gbé wọn síwájú mọ́tò, ó pariwo mọ́ mi pé, "Gbé ẹsẹ̀ wọn!" Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó níbẹ̀ pé bí mọ́tò yìí bá fi lè sítáàtì báyìí, tòun ti Mama nínú ẹ̀, Akin á bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yí padà, á sì rántí ohun tí Mama sọ. Ẹ má sọ pé èṣù ni. Mo rò ó tán kí n tó na ọwọ́. Mo fà á yọ. Ìgbà yẹn ni Mama di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn ti tutù. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, fi í síbẹ̀ padà." Èmi nìkan ló gbọ́. Mo ṣí ìka wọn kúrò lọ́wọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Akin yí kọ́kọ́rọ́, ó yí i, ó yí i. Ó fi orí lu sítíárìn. "Mama, ẹ ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n gbà yín là?" Ohun tí ìyá rẹ̀ gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó bọ́ sílẹ̀, òun àti Mummy Ràhmát sáré jáde lọ wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú títì. Mama kú kí wọ́n tó dé. Mo ti rílè náà bọ ipò rẹ̀, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ìró. Nígbà tí Akin padà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ó wọ ìdí sítíárìn, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti òkú níwájú. Ó yíjú sí mi. "O rí i? Ohun tó wà lára wọn ti lọ." Kò sunkún. Kò da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè wọn ní Ìlaròó. Ẹ̀rí tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún lọ́dọọdún nìyẹn, pé ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ni Ọlọ́run tú mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi náà ò lè dá gbé ẹsẹ̀ mi mọ́ báyìí. Bí a bá ń lọ gba ìtọ́jú, Akin ló ń bẹ̀rẹ̀ bá mi gbé e síwájú mọ́tò, á ní, "Pẹ̀lẹ́, Mummy Dàmọ́lá, rọra." Orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rílè yẹn. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń di ojú mi. Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, bí inú bá ń bí yín sí ìyá ọkọ yín, ẹ sọ ọ́ síta, kódà kí ẹ jà. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́ wọn bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Dàmọ́lá, ìyá àgbà rẹ kì í ṣe àjẹ́, kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ wọn. N kò tọrọ àforíjì fún ara mi. Daddy Dàmọ́lá, ẹ lọ sí Ìlaròó, ẹ kọ Àbẹ̀kẹ́ sórí sàréè yẹn, kí ẹ sì sun ẹkún tí mo gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ jáde lọ sínú ọgbà báyìí, ẹ fọwọ́ wá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí orúnkún mi máa ń wà, ẹ fa ohun dúdú kékeré náà yọ, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú mọ́tò yẹn lẹ yẹ̀ wò, ẹ sì yẹ ìyá tó bí yín wò. Èmi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ kò yẹ̀ wò.