Ahọ́n Yín Ni Mo Fi Ń Tọ́ Mọ́fíìnì Wò

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ÀǸTÍ: Hẹ́lò! Hẹ́lò, igbákejì mi!

IGBÁKEJÌ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ńkọ́?

ÀǸTÍ: Dáadáa ni. Sítóò ńkọ́? Ṣé ẹ ò tíì tiná bọ̀ ọ́?

IGBÁKEJÌ: [ẹ̀rín] Rárá o, mà. Táyà ń wọlé, táyà ń jáde. Àga yín gan-an ni mo jókòó lé báyìí. Atẹ́gùn ojú fèrèsé yìí mà dáa o!

ÀǸTÍ: Má bà á jẹ́ fún mi o. Èmi ti wà nídìí ófùn láti— [ariwo] —ṣé o gbọ́ mi?

IGBÁKEJÌ: Ẹ tún un sọ, mà. Line ń já.

ÀǸTÍ: Mo ní mo ti wà nídìí ófùn láti ìdájí! Mo gba ìsinmi torí kí n lè sinmi, mi ò tíì fìdí kan àga. Ọ̀gá ti dé?

IGBÁKEJÌ: Wọn ò tíì dé. Wọ́n ní àwọn wà lójú ọ̀nà.

ÀǸTÍ: Àpòòwé tí mo ní kí o fún wọn ńkọ́?

IGBÁKEJÌ: Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, màá fi lé wọn lọ́wọ́.

ÀǸTÍ: O ṣé. Ọmọ dáadáa ni ẹ́.

[Ẹnì kan húkọ́. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.]

ÀǸTÍ: Ta nìyẹn?

IGBÁKEJÌ: Dérẹ́bà ni, mà, òun àti àwọn tó ń já ẹrù. Mo fi yín sórí sípíkà kí wọ́n lè kí yín.

DÉRẸ́BÀ: Àǹtí wa! Ẹ kú oríire ófùn tuntun o!

ÀǸTÍ: O ṣé o, dérẹ́bà. Mọ́fíìnì tìẹ ń bọ̀ lọ́la. Mo mọ̀ pé méjì kì í tó ẹ.

DÉRẸ́BÀ: Kò lè tó mi láéláé, mà! Ẹ fún mi ní mẹ́rin!

[Ẹ̀rín.]

IGBÁKEJÌ: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún wọn. Wọn ò gbà mí gbọ́ pé ṣíbí mẹ́fà ni páúdà ewé gríìn tíì yẹn.

ÀǸTÍ: Mẹ́fà ti kúrò níbẹ̀. Mẹ́wàá ni báyìí.

IGBÁKEJÌ: Mẹ́wàá!

ÀǸTÍ: Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní àwọ̀ rẹ̀ ò tíì yọ tó? Ẹ ní "add more, Àǹtí, add more," mo sì ń fi kún un. Mo po bọ́tà mọ́ ṣúgà, mo fọ́ ẹyin sí i, mo wá fi ajọ̀ jọ páúdà náà pọ̀ mọ́ fúláwà. Ẹ wò ó, àwọ̀ rẹ̀— [ariwo] —bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ṣé o gbọ́ mi?

IGBÁKEJÌ: A gbọ́ "ewé," mà. Ìyẹn náà ti tó.

DÉRẸ́BÀ: [ohùn jẹ́jẹ́] Àǹtí Ewéko.

ÀǸTÍ: Kí ló wí?

IGBÁKEJÌ: Ó ní ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

ÀǸTÍ: Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀gá kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ inú mi ò gbà á mọ́. Lẹ́tà tó wà nínú àpòòwé yẹn, mo fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni.

[Nǹkan kan já bọ́ nílẹ̀.]

ÀǸTÍ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

IGBÁKEJÌ: Ẹ... ẹ ní ẹ ṣe kí ni?

ÀǸTÍ: I have resigned! Ó tó gẹ́ẹ́! Mọ́fíìnì ni iṣẹ́ mi báyìí. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́, pé ọlà wà lọ́wọ́ mi, mo wá ń fi ayé mi ṣòfò láàárín táyà?

IGBÁKEJÌ: Èmi? Mo sọ bẹ́ẹ̀?

ÀǸTÍ: Lójú gbogbo wọn! Wọ́n tún pàtẹ́wọ́!

DÉRẸ́BÀ: Yéè! Àwàdà ti dọ̀ràn.

IGBÁKEJÌ: Pa ẹnu ẹ mọ́, jọ̀ọ́!

ÀǸTÍ: Àwàdà wo?

IGBÁKEJÌ: Kò sí nǹkan, mà, ẹ má—

ÀǸTÍ: Dérẹ́bà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwàdà wo?

DÉRẸ́BÀ: Ẹ má bínú, mà. Èmi kọ́ o. Igbákejì yín ló ní ká máa yìn ín.

IGBÁKEJÌ: Irọ́ burúkú! Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ!

ÀǸTÍ: Kí ẹ máa yin kí ni?

[Wọ́n wọ́ àga nílẹ̀.]

IGBÁKEJÌ: Ó dáa. Mọ́fíìnì yín ni, mà. Ó korò.

ÀǸTÍ: Ó kí ni?

IGBÁKEJÌ: Ó korò bí jogbo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí ẹ tó wá fẹ́ fi ṣíbí mẹ́wàá pa wá.

ÀǸTÍ: Ẹ ní ó dùn. Gbogbo yín lẹ ní ó dùn.

IGBÁKEJÌ: Ta ló máa kojú yín kó sọ pé kò dùn? Ẹ̀yin ni ọ̀gá sítóò. A kọ́kọ́ ń bẹ̀rù yín ni. Nígbà tó yá, àwàdà náà ló wá ń dùn mọ́ wa.

ÀǸTÍ: Ẹ tún ní kí n fi kún un.

IGBÁKEJÌ: Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ní ń se nǹkan tí kì í fẹnu tọ́ ọ wò?

ÀǸTÍ: O mọ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà! Ìwọ lo sìn mí lọ ọsibítù lọ́jọ́ tí dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun dídùn mọ́! Ahọ́n yín ni mo fi ń tọ́ ọ wò!

IGBÁKEJÌ: [kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra] Ahọ́n wa náà ló jẹ̀yà, mà.

[Ẹ̀rín gbogbo wọn.]

ÀǸTÍ: Ẹ ń rẹ́rìn-ín.

IGBÁKEJÌ: Ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ là ń fi rẹ́rìn-ín.

ÀǸTÍ: Ta wá ni? Ṣebí òfìfo ni mo máa ń bá àwo náà. Ta ló ń jẹ ẹ́?

DÉRẸ́BÀ: Èmi máa ń fi tèmi há abẹ́ táyà, mà, kó má baà yí. Ó há a dáadáa, irọ́ ò sí.

IGBÁKEJÌ: Dérẹ́bà!

ÀǸTÍ: Ẹnì kan. Ẹ dárúkọ ẹnì kan péré tó jẹ ẹ́ tán. Géètìmánì ńkọ́? Ó máa ń súre fún mi tó bá gbà á.

IGBÁKEJÌ: Adìẹ ló ń dà á fún, mà.

ÀǸTÍ: ...Àwọn adìẹ náà ńkọ́?

IGBÁKEJÌ: Wọ́n ṣá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bá tiwọn lọ.

[Aago ófùn ń dún, ó ń dún.]

IGBÁKEJÌ: Mà? Nǹkan kan ń ké lọ́dọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kó jóná o.

ÀǸTÍ: Jẹ́ kó jóná. Gbọ́ mi. Àpòòwé yẹn, má fún wọn.

IGBÁKEJÌ: Ẹ ní?

ÀǸTÍ: Má fún ọ̀gá. Ya á. Màá wọṣẹ́ lọ́la bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló máa gbà mí síṣẹ́ lọ́jọ́ orí mi yìí? Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń ra oògùn. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń gbé inú ilé tí mo wà yìí. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ọkọ̀ kan dúró níta. Hóònù.]

DÉRẸ́BÀ: Ọ̀gá nìyẹn.

ÀǸTÍ: Mo gbọ́! Ya á kíákíá!

IGBÁKEJÌ: Hẹ́lò? Mà?

ÀǸTÍ: Mo ní ya á!

IGBÁKEJÌ: Ó mà ṣe o, line yín tún ń já.

ÀǸTÍ: Kò já! Èmi ń gbọ́ ẹ ketekete!

IGBÁKEJÌ: Hẹ́lò? Network yìí o!

DÉRẸ́BÀ: Ah-ah. Èmi ń gbọ́ wọn o.

IGBÁKEJÌ: Ta ló bi ẹ́? Lọ bá ọ̀gá gbé ẹrù. Gbogbo yín, ó yá, ẹ bọ́ síta.

[Ẹsẹ̀ ń jáde. Wọ́n pa sípíkà.]

ÀǸTÍ: Ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́. Nígbà tó o dé, o ò mọ táyà ọkọ̀ ẹrù yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n fẹ́ lé ẹ, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀ fún mi.

IGBÁKEJÌ: Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà.

ÀǸTÍ: Mo ti kúnlẹ̀. Àgbà ni mí, mo kúnlẹ̀ fún ẹ lórí sìmẹ́ńtì kíṣìnì mi. Ya lẹ́tà yẹn.

IGBÁKEJÌ: Hẹ́lò?

ÀǸTÍ: Mo kọ orúkọ ẹ síbẹ̀! Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni níta, ìwọ ni kí wọ́n fi sípò mi! Ṣé bó o ṣe máa san án fún mi nìyẹn?

IGBÁKEJÌ: Ẹ kọ orúkọ mi sí i?

ÀǸTÍ: ...Àṣé ò ń gbọ́ mi.

IGBÁKEJÌ: Rárá, mà.

[Ilẹ̀kùn ṣí.]

IGBÁKEJÌ: Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba báàgì. Àǹtí ní kí n fi èyí lé yín lọ́wọ́, sà. Wọ́n ní kí ẹ tètè kà á.

Ọ̀GÁ: [láti ọ̀nà jíjìn] Kí ló dé? Ṣé kò sí o?

ÀǸTÍ: Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ má ṣí i! Àṣìṣe ni! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

IGBÁKEJÌ: Àlàáfíà ni, sà. Ẹ kàn kà á.

[Ìró ẹnu àpòòwé tí ọ̀gá ń ya.]

ÀǸTÍ: Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ—

[Ìpè já.]