Ìran Tí Mi Ò Rí, Tí Màmá Mi Fi Ń Rìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, mo mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ìgbà òjò tó kọjá. Ó ti wú débi pé púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, pàápàá ò rí àyè wọlé mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ aríran ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ. Bẹ́ẹ̀, èmi ò rí ìran kankan rí. Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bà mí nímú ní pápá iléèwé gan-an, mi ò rí i.

Ìlútítun là ń gbé. Mo ti jáde sẹ́kọ́ndìrì. Mo ṣe ìdánwò yunifásítì, yunifásítì wò mí, ó ní kí n ṣì máa ṣeré lọ. Torí pé èmi nìkan ni mi ò níṣẹ́ nílé, èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀.

Ọlọ́run ṣeun, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu Màmá. Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Tó bá dìde, á máa fì bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di gbogbo ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ń ṣe físíò níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn láti tún máa lo ẹsẹ̀ àti ọwọ́, kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí Màmá máa ṣe. Kó di ẹ̀yìn àga tó wúwo mú, kó gbára lé ẹsẹ̀ tó rọ. Kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀. Kó máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Kí èmi sì dúró tì í gbágbáágbá, kó má bàa ṣubú.

A délé, Màmá ní òun ò ṣe.

"Ẹsẹ̀ tí mo fi tẹ epo tọ́ ìyá ẹ dàgbà, òun ni ọmọ kékeré yẹn ní kí n máa gbé sókè bí adìẹ? Kí n máa rìn bí akàn? Gbé àga ẹ kúrò níwájú mi jàre!"

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Màmá jókòó ṣáá, ẹsẹ̀ ń le sí i. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dá lọ sílé ìwẹ̀, ó ṣubú. Mo gbé e dìde, ó fọwọ́ bojú kí n má bàa rí ẹkún ẹ̀. Èmi náà wo ibòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ wa, tí aríran bá fún èèyàn ní iṣẹ́ àdúrà, kò sẹ́ni tó ń kọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ní kí Màmá bá òkè sọ̀rọ̀, á béèrè pé òkè wo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ sútánà mi àtijọ́, èyí tó ti dúró sí orúnkún. Mo jọ àbẹ́là tó ti jó tán.

Mo ní, "Màmá, mo rí ìran."

"Ìwọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí ní ẹ káàárọ̀. Mo ní mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó ní kí Màmá di ẹ̀yìn àga mú, kó gbé ẹsẹ̀ sókè títí Sáàmù 117 á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò purọ́ tán. Aṣọ funfun ni obìnrin físíò yẹn wọ̀.

Màmá bọ́ bàtà, ó dìde.

Kò ṣeré rárá. Ojoojúmọ́ là ń fẹ̀gbẹ́ rìn yí tábìlì ká, tí à ń kọrin. Ó ní Sáàmù 117 ti kúrú jù, òun fẹ́ 119. Mo yára sọ pé ìran ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan, èmi tí mo ń kọ́ ọ, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo sì ṣubú lé garawa. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Aríran, wá di àga mú."

Báyìí, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ilé kẹta, ó sì ń ròyìn ìran mi níbi gbogbo. Ìròyìn yẹn ni ìyàwó Bàbá Dúpẹ́, ará ìjọ wa, gbọ́ tó fi wá bá mi. Rọpárọsẹ̀ ló ṣe ọkọ tiẹ̀ náà. Ó ní àwọn ò lọ sí ọsibítù mọ́, kí n kàn bá àwọn rí ìran.

Tí bàbá yẹn bá kú ńkọ́? Mo dijú. Mo ní, "Mo rí i pé kẹ́ ẹ padà sí ọsibítù lónìí, kẹ́ ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀."

Wọ́n lọ. Wọ́n sì padà wá kúnlẹ̀ fún mi.

"Aríran, òótọ́ lẹ rí o! Obìnrin aláṣọ funfun yẹn, a bá a níbẹ̀!"

Bó ṣe di ariwo nínú ìjọ nìyẹn. Wọ́n ti rán sútánà tuntun fún mi, pẹ̀lú àmùrè aláwọ̀ ọ̀run. Ó tiẹ̀ bá mi mu, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Wòlíì wa dì mọ́ mi. Ẹnì kan ti ní kí n wo iye tí òun máa jẹ nínú tẹ́tẹ́.

Màmá ti búra pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ò ní mú ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ, torí pé ìran kì í tàsé. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá sọ òótọ́ kó tó rìn, ṣé ọkàn ẹ̀ ò ní gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ náà gbọ̀n tẹ̀lé e? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, èmi olódo yìí ni màá di ojú ìjọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sọ́ńdè tó pé. Kí n sọ ọ́ nílé ni, àbí tó bá ti rìn dé pẹpẹ, tó jókòó tán? Èyí tó wù kẹ́ ẹ sọ, màá fẹ̀gbẹ́ rìn tì í bí akàn, ọwọ́ mi á wà lẹ́yìn ẹ̀.

Mo mọ̀ pé tó bá gbọ́, á lé mi yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Kó lé mi. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa fi lé mi.