Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbi Tí Wọ́n Kó Àwa Tó Ń Kọ̀wé Nípa Olórin Sí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin ìjọ tó wà lẹ́yìn odò, mo mọ̀ pé kì í ṣe ibí ni mo ti ń sìn. Wọ́n fún mi láyè kí n wá jẹ́rìí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí n máa kà á, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́, mo lè fo ibi tó le.

Kí n tó sọ ibi tí mo lọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tó gbé mi débẹ̀.

Èmi ni Bàbá Káyọ̀dé onítẹ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo tọ́ ilé-ìwé módà wò fún ọdún kan, ó korò, mo tu ú dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí títo lẹ́tà ìwé fún àwọn ọ̀mọ̀wé, bó pẹ́ bó yá, yóò máa rò pé òun náà gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ìgbésí ayé Adéwùsì, olórin ìlú wa tó ti kú, mo sì tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Nígbà tí mo kọ ọ́ dé orí àwo tí Adéwùsì ṣe kẹ́yìn, mo yá ẹ̀rọ giramafóònù, mo gbé àwo náà sí i, mo jókòó bí adájọ́. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé àwo kékeré a máa sáré yí, àwo ńlá a máa rọra yí, bọ́tìnì kan sì wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń sọ fún un èyí tí a gbé sí i. Àwo kékeré ni mo gbé sí i. Bọ́tìnì wà níbi ti àwo ńlá. N kò wò ó. Ni orin bá ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín tó ru ẹrù, jìtá ń kùn bí ẹni tó sùn lọ lórí ìdúró. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ pé: ẹni tó mutí yó ló ta jìtá yìí.

Bàbá Jónà tí wọ́n jókòó ní ìlà kẹta yẹn, àwọn ló ta á.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ìgò ògógóró mẹ́ta ni wọ́n mu lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta! Ta ló kà á? Mo ní ìbànújẹ́ àwo tó bàjẹ́ yẹn ló pa ọ̀gá wọn. Mo wá fi òǹtẹ̀ lù ú, mo kọ ọ́ pé: "Ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ló sọ fún mi." Kò sí ẹnìkankan. Èmi àti ewúrẹ́ ìyàwó mi nìkan la wà nílé.

Ìwé ti jáde, ó ti dé ọwọ́ gbogbo ayé, kí ìyàwó mi tó bá mi nídìí àwo náà lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, kí ló ń ṣe ọkùnrin yìí tó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu?"

Mo ní, "Ọtí ni. Gbogbo wọn ló mutí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà, ó fi ìka kan ti bọ́tìnì. Háà! Orin fò dìde. Jìtá ń tú jáde bí omi orísun, ó mọ́, ó dùn, kò sí ibì kan tí ìka ti ṣìnà. Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ojú wọn ti wá dá báyìí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ. Èmi náà ò sọ. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí, ẹni tó ń ta jìtá fún ẹgbẹ́ akọrin yín, ìwé mi dé ọwọ́ àwọn àgbà ìjọ yín, wọ́n ní kí Bàbá Jónà gbé jìtá sílẹ̀ ná kí àwọn wádìí. Ẹ má bínú, ará, ẹ ò wádìí. Bàbá gbé jìtá sábẹ́ ibùsùn. Ó ti pé ọdún méjì. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé wọn, apá kejì ọ̀nà ni mo máa ń wò, bíi pé mo ní ìyekan níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rùú tó kọjá, ìjọ wa wà nínú àwẹ̀. A gbàdúrà ọ̀sán tán, àwọn yòókù lọ sílé. Èmi ní mo fẹ́ gbàdúrà sí i. Irọ́ ni. Oòrùn ló mú níta, inú ìjọ sì tutù. Mo kúnlẹ̀, mo gbé iwájú orí lé àga, mo ní, "Olúwa, fi ohun tí n kò mọ̀ hàn mí." Ẹ ṣọ́ra fún àdúrà yẹn o. N kò tíì ṣe àmín tí ẹnìkan fi dúró tì mí.

Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó pe orúkọ tí wọ́n fi ṣàmì fún mi, èyí tí ìyá mi nìkan ń pè nígbà tó bá fẹ́ nà mí.

"Esekíẹ́lì, dìde."

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Dìde."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi níbi tó gbé orí lé àga, ẹnu là sílẹ̀, itọ́ ń kán. Ojú kọ́kọ́ tì mí kí ẹ̀rù tó bà mí.

A rìn títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná. A kọjá lára àwọn panṣágà, a kọjá lára àwọn tó ń ni aláìní lára, iná ń jó wọn, wọ́n ń ké. Kí n má purọ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá mi, n kò sí nínú àwọn wọ̀nyí o." Ó yà sí ọ̀nà tóóró kan, mo sì rí i lára ilẹ̀kùn pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌN TÓ KỌ̀WÉ NÍPA OLÓRIN.

Yàrá àkọ́kọ́ kò ní iná. Ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, aláìsàn kan dùbúlẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin bí ogún sì yí i ká, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn lára ògiri. Aláìsàn náà ń mí hélehéle, kò kú, kò sàn. Ó ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ mú, ó ń béèrè pé, "Kí ni mo sọ? Ìwọ tí o wà níbí, kí ni mo sọ kẹ́yìn?" Wọn ò mọ̀. Wọ́n ń sunkún.

Atọ́nà mi ní, "Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn wà níbẹ̀ nígbà tí olórin kú. Nísinsìnyí, wọ́n wà níbẹ̀."

Níwájú, mo rí obìnrin kan àti ọmọ mẹ́rin. Ibi tó yẹ kí ojú wọn wà tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ń lé ọkùnrin kan kiri, wọ́n ń ké pé, "Níbo lo gbé ojú wa sí?" Kò sí ibi tó lè sá sí tí wọn ò ní bá a.

Atọ́nà mi ní, "Ó fẹ́ kí olórin rẹ̀ dà bí áńgẹ́lì. Ó yọ ìyàwó tí olórin náà kọ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ìtàn, ó yọ àwọn ọmọ tí olórin náà kò tọ́."

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo àwo tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ṣe ló máa ń yìn. Oyin ni wọ́n ń rọ sí i lọ́fun, kò dáwọ́ dúró, kò sì sí omi. Ojú rẹ̀ ti yọ síta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà gígùn kan wà, n kò rí òpin rẹ̀. Ẹni iwájú á bì, ẹni ẹ̀yìn á gbé ọwọ́ bù ú mu, òun náà á bì í fún ẹni tó tẹ̀lé e. Mo fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní, "Àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn tó ń da ìwé ara wọn kọ. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó gbọ́ orin náà."

Ẹni iwájú pátápátá gbé ojú sókè. Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Mo mọ ìwé náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó mú mi gòkè. Ará, ibẹ̀ dára. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, gbọ̀ngàn kan wà tí ògiri rẹ̀ ń tàn, àwọn ènìyàn sì jókòó nínú ìsinmi. Mo ń wá àwọn gbajúmọ̀ tí mo mọ̀. Mi ò rí wọn níwájú. Àwọn tó ń lu agogo, àwọn obìnrin tó ń gbe orin, àwọn tó ń sọ ẹrù ohun èlò kalẹ̀ látinú ọkọ̀, àwọn tí kò sí orúkọ wọn lára àwo kankan láyé, ni wọ́n ń pè ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì ń dìde fún. Ìyá àgbà kan jókòó nítòsí ìtẹ́, ìwé kan wà lórí itan rẹ̀.

"Kí ni ìyá yìí kọ?"

"Ìtàn olórin kan. Níbi tí kò ti mọ̀, ó kọ ọ́ pé, 'N kò mọ̀.' Níbi tó ti ṣì í kọ, ó padà wá pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn."

Mo yọjú wo ìwé náà. "N kò mọ̀" pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Nínú ìwé tèmi, kò sí ẹyọ kan.

Ibẹ̀ ni Adéwùsì ti rí mi. Ó ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ara rẹ̀ le, ó ní, "Onítẹ̀wé! Jónà ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ta á?"

Ẹ̀yin ará, ẹ gbàdúrà fún mi. Ní ọ̀run, níwájú ìtẹ́, mo la ẹnu mi, mo ní, "Wọ́n wà dáadáa, sà. Wọ́n ń ta á gan-an."

Ilẹ̀ là.

Mo ń bọ́, mo ń bọ́, mo kọjá lára àwọn tó ń bì, mo kọjá lára ibùsùn aláìsàn, mo ń pe Jésù, mo ń pe ìyá mi, mo ń pe ìyàwó mi pé kó wá bá mi ti bọ́tìnì, mo já lulẹ̀ gbì sínú yàrá kan tí àga kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, orúkọ mi wà lára àga náà, Esekíẹ́lì, wọ́n fi irin gbígbóná kọ ọ́, ọwọ́ kan tí n kò rí sì ń tì mí, ó ń tì mí, títí ìdí mi fi kan án.

Ohun gbogbo níbẹ̀ ń rọra ṣe. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Iná ibẹ̀ kì í sáré. Ó ń bọ̀, mo ń wò ó, ó rọra na ahọ́n kan, ó rọra na èkejì, ó ní gbogbo àkókò ayérayé lọ́wọ́. Mo fẹ́ ké pé mo ti ṣẹ̀, ohùn mi ò jáde bí ohùn ènìyàn. Ó ń wọ́. "Mo-o-o... ti-i-i... ṣẹ̀-ẹ̀-ẹ̀..." Àwọn méjì jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ní ìwé lọ́wọ́.

Ọ̀kan ní, "Gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti mutí yó."

Mo fẹ́ sọ pé n kò mutí, inú àwẹ̀ ni mo wà, omi pàápàá n kò tíì mu, ahọ́n mi ń wọ́ sí i.

Ẹnìkejì ní, "Ìgò mélòó ni kí n kọ?"

"Kọ mẹ́ta."

"Ta ló rí i?"

"Kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹnìkan."

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Atọ́nà mi wá dúró lẹ́yìn àga, n kò rí ojú rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. "Àga yìí ṣì lè ṣófo. Jónà ṣì wà láàyè."

Ni ìgbálẹ̀ bá gbá mi lẹ́yìn. Ìyá Dọ́káàsì tó ń gbálẹ̀ ìjọ wa ni. "Bàbá Káyọ̀dé! Ẹ̀yin lẹ ń ké báyìí? Mo rò pé ẹran ló há sábẹ́ àga!"

Ará, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ olórin, ẹ gbọ́ orin rẹ̀ ná, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ọ. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ìka, ó ní ilé, ó ní ìjọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo lọ sílé Bàbá Jónà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó wọn, Ìyá Rẹ̀mí, ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sọ ti bọ́tìnì. Mo sọ ti ìgò mẹ́ta. Mo wá sọ ìran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi omijé sí i, nítorí mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ ìyà tí mo ti jẹ lọ́hùn-ún, wọn á ní ó tó.

Bàbá Jónà ní, "Adéwùsì béèrè mi?"

Mo ní, "Wọ́n béèrè yín, sà."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn.

Mo yíjú sí Ìyá Rẹ̀mí, mo ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mà. Mo ti jẹ́wọ́ lọ́hùn-ún."

Kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, gbogbo àwọn tó wà lọ́run ló mọ̀ pé ọkọ mi ò mutí. Ìjọ wa ni ò mọ̀. Aago mẹ́sàn-án la máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn."