Omi tí Mo Dà Sẹ́nu Bàbá Akínọlá

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀yin ará! Halelúyà! Èmi ni Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi wà láàyè. Ẹ wò ó lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń jẹ bisikíìtì nínú ilé Ọlọ́run.

Ẹ mọ̀ pé mo wà nínú Ẹgbẹ́ Afẹsẹ̀rìn wa, àwa tí à ń rìn láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, Bàbá Akínọlá ṣubú lẹ́bàá títì ní Mọ́kọ́lá, wọn ò dìde mọ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n ṣubú, wọ́n ṣì ń mí. Gbogbo wa ń pariwo Jésù. Èmi wá ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe fún ẹni tó bá dákú: mo gbé orí wọn sórí itan mi, mo la ẹnu wọn, mo da omi sí i, ife kan gbáko. Wọ́n sín lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fun wọn hó, ó parí. Gbogbo èèyàn ní ọlọ́jọ́ ló dé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ dá orin níbi ìsìnkú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Sístà Débọ́rà, tí ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni, ní kí ẹgbẹ́ wa máa kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ká tó rìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń di egbò. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí ọ̀gá akọrin wa sùn bí ẹni tó dákú. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín ṣáá! Sístà yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sístà ní ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, pé bí a bá da omi sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi rántí ife omi yẹn, mo jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò pa kíláàsì kankan jẹ mọ́. Mi ò sì sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ara Bọ́sẹ̀ gbóná janjan, gìrì gbé e. Ojú rẹ̀ yí pó. Kí n tó mọ̀, ará ilé ti kún yàrá. Ẹnì kan ti ki ṣíbí sí i léyín, ìyá ọkọ mi sì gbé ìgò àgbo gìrì dé, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Ìfẹ́ ni o! Wọn ò fẹ́ kó kú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má rọ ọ́."

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, mo já ìgò náà gbà, mo fọ́ ọ mọ́ ògiri. Wọ́n gbá mi létí. Mo yọ ṣíbí, mo yí Bọ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Mo ń sọ pé, "Olúwa, má jẹ́ kí èyí náà tún ti ọwọ́ mi kú." Kò pẹ́, ara rẹ̀ dẹ̀, ó mí kanlẹ̀. A wọ tákísì lọ sí ọsibítù. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta, a padà sílé. Ìyá ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí dòní.

Mama Akínọlá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo ní ọmọ mi wà láàyè. Ẹ wò mí, mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ tó gba ọmọ mi là yìí náà ló da omi sẹ́nu ọkọ yín. Mi ò mọ̀ nígbà náà, Mà. Mo ti wá mọ̀.

Ògo ni fún Ọlọ́run, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbérin. Ẹ jẹ́ kí Mama kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.