Àlùkò Tí Mo Ní N Kò Rí

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa tó ń rìn wo ẹyẹ, mo ní láti sọ ọ́ báyìí. Ẹ fẹ́ fi mí ṣe olórí ní Sátidé, bẹ́ẹ̀ òpùrọ́ ni mí. N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í tò. Stella kò parọ́ lọ́dún tó kọjá. Èmi Rachael ni mo parọ́.

Ẹ̀yin tuntun, òfin wa ni pé a kì í kọ ẹyẹ sínú ìwé àfi tí èèyàn méjì bá rí i. Lọ́jọ́ náà, a rìn láti Onígbòǹgbò dé ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìlúpéjú, níbi tí igi ọ̀dán mẹ́ta wà létí kánáàlì. Wọ́n fẹ́ gé wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ fún Bàbá Sànní, olórí wa, pé, "Bàbá, ẹ mú orúkọ ẹyẹ kan tó ṣọ̀wọ́n wá látinú ìwé yín, n kò ní gé wọn." Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá àlùkò, ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n jù níbí. Mo ra awò-ọ̀nàjíjìn, mo fúnra mi kọ́ orúkọ ẹyẹ, lékeléke àti àwòdì ṣáá ni mò ń rí. Stella, tó ń gbálẹ̀ nílé búrẹ́dì, tí kò tíì bá wa rìn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ló kàn gbójú sókè. "Àǹtí Rachael, ẹ wò ó! Ìyẹ́ rẹ̀ pupa!" Mo wò ó, mo pariwo, "Yéè!" Àlùkò ni. Ó fò lọ. Àwọn yòókù ṣì wà lẹ́yìn, wọ́n ń ra omi. Inú bí mi pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá Sànní ní, "Rachael, ṣé ìwọ náà rí i?" Mo ní, "N kò rí nǹkan kan o, sà." Tẹjú, ọ̀kan nínú wa, bú sẹ́rìn-ín: "Stella, àkùkọ lo rí jàre! Ṣé o ti jẹun àárọ̀?" Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Stella wò mí. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ṣáà pariwo." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́, èmi aláìnítìjú. Mo ní, "Má fi mí parọ́, ọmọ yìí. Ṣé nítorí kí wọ́n lè mọ̀ ọ́ ni?" Ó sunkún lójú gbogbo wa. Kò wá mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ̀ǹkéré ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo lọ bẹ Stella níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò ṣí géètì. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?" Ẹ ti gbọ́ báyìí. Aago méjì ọ̀sán ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì náà máa ń jáde jẹun. Lọ́jọ́rú, màá dúró sí iwájú géètì wọn. Ẹni tó bá bá Tẹjú rẹ́rìn-ín lọ́dún tó kọjá, kó wá bá mi níbẹ̀, ká jọ bẹ̀ ẹ́.