Ẹ̀wà Sóyà Tí Mo Ń Jẹ Ní Kọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè pariwo. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ti ń sáré kiri àgbàlá báyìí. Ó ń pè mí ní Iye Àgbà, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹja nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, inú mi a dùn, ojú a sì tún tì mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ìyá ìyá rẹ̀ kò sí nínú ilé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo wà níta, mo na ọrùn bí adìyẹ tó ń wá àgbàdo, ojú fèrèsé ni mo sì ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Ta ló lé mi síta? Kò sẹ́ni tó lé mi o. Irọ́ tí mo fẹnu ara mi pa ló lé mi síta.

Ìkọ̀yà ni mò ń gbé, pupuru ni mo sì ń ṣe. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń mọ ẹ̀gẹ́ rogodo-rogodo, tí mo ń tò ó sórí àjà, tí mo ń dáná sábẹ́ rẹ̀ kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Ní ìjọ Aládùúrà wa, èmi ni mò ń lé orin fún àwọn obìnrin. Ẹni tó bá mọ ìjọ wa á mọ òfin rẹ̀: obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kì í wọ sùtánà, kì í sì í wọnú ilé àdúrà. Ìta ló máa jókòó sí títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Nítorí náà, kò sí obìnrin tó lè fi nǹkan oṣù rẹ̀ pamọ́ ní ìjọ wa, nítorí ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ máńgòrò, gbogbo ayé ti mọ̀.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni tèmi dúró. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ooru kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí láti àyà dé orí, òógùn á bò mí, màá tú gèlè dànù. Mo kọ́kọ́ rò pé iná pupuru ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru náà bá mi dé odò, tí mo wà nínú omi títí dé orúnkún tí mo ṣì ń làágùn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná mọ́.

Ó yẹ kí n sọ fún ọkọ mi, àbí? Mi ò lè sọ ọ́. Bàbá Fúnmi ni mò ń pe ọkọ mi, òun ló ń kọ ẹyìn ọ̀pẹ, tó sì ń fọ epo. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu. Lọ́jọ́ kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń já ẹyìn lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù Iye Fúnmi bá dúró, ó ti di ìyá mi nìyẹn. Màá wá ọmọge kan mú wálé!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹyìn fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo wà lẹ́bàá ògiri kò rẹ́rìn-ín.

Kí ni mo wá ṣe? Bí oṣù bá ti yí po, màá gbé àpótí ìjókòó mi, ó di abẹ́ máńgòrò. Màá fajú ro bí ẹni tí inú ń run. Ìyá Sámúẹ̀lì, tá a jọ ń lé orin, á bu omi wá fún mi, á ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ìwọ ṣì ń gbádùn ìgbà èwe ṣá!” Màá ní ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí! Àgbà obìnrin ń ji èwe lò.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo tún gbé àpótí mi jáde. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Fúnmi, ọmọ mi, bí ọmọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tá a ń retí. Obìnrin ni, ọjọ́ keje la sì ń sọ obìnrin lórúkọ nílé wa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ keje ọmọ bọ́ sí ọjọ́ keje irọ́ mi! Ìyá ìyá ọmọ ló yẹ kó gbé e dé iwájú pẹpẹ. Fúnmi wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní, “Iye, ẹ ò kúkú jẹ̀bi, ara yín ni.” Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ wọlé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, mo ń bá ayé jiyàn pé mi ò tíì dàgbà.

Láti ọjọ́ náà ni ooru ara mi ti le sí i. Fúnmi rí mi bí mo ṣe ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi, ló bá fà mí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní Òkìtìpupa. Fúnmi dúró síta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Iye, kì í ṣe àrùn, ìgbà ló yí padà.” Ó ní kí n máa jẹ ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wá sọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ní àwọn obìnrin kan sọ pé ó dín ooru náà kù fún wọn, àwọn mìíràn ò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ gidi ni bí a bá sè é jinná. Ó ní kí n wá lọ́jọ́rú, ọjọ́ náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń sè é. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aláboyún. Mo dé ibẹ̀, ikùn ńlá-ńlá níwájú mi, ikùn ńlá-ńlá lẹ́yìn mi, mo sì tò sáàárín wọn.

Ẹ̀wà náà fojú mi rí màbo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó hó bí ọṣẹ, ó ru bo ìkòkò, ó pa iná mi. Mo kánjú jẹ ẹ́ ní àìjinná, inú mi dá mi lóhùn, igbó ni mo sá lọ. Nígbà tó yá mo mọ̀ ọ́n ṣe: màá rẹ ẹ́, màá sè é pẹ́, màá bó èèpo rẹ̀, màá sá a, màá yan án, màá lọ̀ ọ́, màá pò ó mọ́ ògì. Ẹ̀yìn àjà pupuru ni mo ti ń mu ún, nítorí gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ aláboyún àti ọmọ tí kò lókun.

Ọjọ́ ìkórè dé, orin mẹ́ta ni mo fẹ́ lé. Ǹjẹ́ mo lè jókòó síta? Ni mo bá fo oṣù náà. Ìyá Sámúẹ̀lì, tí kì í gbàgbé nǹkan, ti ń kà á. Ó ti rí mi láàárín àwọn aláboyún, ó ti ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń lá ọwọ́ nídìí àwo sóyà, abẹ́ máńgòrò sì wá ṣófo. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé mo lóyún! Aríran wa ní òun rí àgbàlagbà obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́.

Bàbá Fúnmi náà gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò fọwọ́ kan pupuru mi. Mo rò pé ayọ̀ ni ò jẹ́ kó jẹun, ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, láti orí ẹyìn tí wọ́n ń já títí dé orí sóyà.

“Kò sí oyún?” ló bi mí.

“Kò sí, Bàbá Fúnmi.”

“Rárá-rárá?”

“Rárá-rárá.”

Ló bá ju fìlà sókè! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. “Èmi ọmọ ọgọ́ta ọdún! Ta ni yóò máa gun ọ̀pẹ torí ọmọ jòjòló? Ọmọge wo ni màá fẹ́, ìwọ nìkan ò ha ti tó mi í bá jà?” Ó gba àwo sóyà lọ́wọ́ mi, ó lá a gbẹ. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Nítorí ẹ̀fẹ̀ mi lo ò ṣe gbé ọmọ Fúnmi?” Mo bú sẹ́kún. Ó jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán.

Láti ìgbà náà, gbangba ni mo ti ń mu sóyà mi, òun náà ń bá mi mu ún. Ooru náà ti dín kù púpọ̀. Bóyá ẹ̀wà náà ni, bóyá ọkàn mi tó balẹ̀ ni, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ìjọ ò rí ikùn, wọ́n ní oyún náà ti bà jẹ́. Ìyá Sámúẹ̀lì gbé ẹja gbígbẹ wá bá mi, ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Èmi náà sunkún, ojú ń tì mí. Ẹja náà sì dùn! Nítorí pé mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ìjọ, mo ṣì ń gbé àpótí mi lọ sábẹ́ máńgòrò lóṣooṣù.

Fúnmi tún ti lóyún báyìí, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dìde níwájú ìjọ, kí n jẹ́wọ́ pé mo ti dàgbà, tàbí kí n sọ ọ́ fún Ìyá Sámúẹ̀lì nìkan, kí gbogbo Ìkọ̀yà gbọ́ kí ọbẹ̀ tó hó? Èyí tí ẹ bá yàn ni màá ṣe, ẹ ṣáà tètè dá mi lóhùn. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ-ọmọ mi láti ojú fèrèsé mọ́.